Kí ẹ tó ra ọ̀kadà àkọ́kọ́ yín
Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ ra ọ̀kadà àkọ́kọ́ ní Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ owó akoto sọ́tọ̀ ná. Tuntun ni kí ẹ rà o, kì í ṣe tòkunbọ̀. Akoto tó bá ti já lulẹ̀ rí, fóòmù inú rẹ̀ lè ti fún pọ̀, kò ní lè dáàbò bo orí mọ́, bó tilẹ̀ ń dán lóde. Ẹ dè é, kí ẹ mi orí. Bó bá ń yí, ó ti tóbi jù. Ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ló kàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ojú yín wà lára ọ̀kadà eré ìje speedway, kò ní bíréèkì rárá! Pápá ìje ló wà fún, kì í ṣe títì Ọba Adésídà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì wé ti inú ìwé.