Ẹ fi scp sílẹ̀ tó bá ti di fáìlì ńlá

Ẹ̀yin ará, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi scp (kọmáǹdì tó ń da fáìlì kọ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn) gbé fáìlì ńlá lọ sórí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sinmi ẹ̀. Lánàá níbí, ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́, mò ń gbé bákọ́ọ̀pù 6GB lọ, ó ti dé 92% báyìí ni wọ́n múná lọ, ráútà kú, kí n tó fa jẹnẹrétọ̀ kó dáhùn, scp ti já, mo tún un ṣe ló bá bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Dátà mi ṣe bẹ́ẹ̀ gbé, ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

rsync ni kẹ́ ẹ lò, kọmáǹdì míì tó ń gbé fáìlì ni, báyìí (ẹ fi orúkọ fáìlì àti sẹ́fà tiyín rọ́pò tèmi):

rsync -avP backup.tar emi@server:/home/emi/

P ńlá ni o, p kékeré ò ṣiṣẹ́ yẹn. Òun ló ń tọ́jú èyí tó ti dé, tó tún ń fi hàn yín bó ṣe ń lọ. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ tún kọmáǹdì kan náà tẹ̀, á kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà ńbẹ̀ wò, á wá fi ìyókù ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n rsync gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ méjèèjì.

Tó bá jẹ́ dáńlóòdù lásán láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọmáǹdì wget -c ti tó, òun náà á tẹ̀síwájú látibi tó ti dúró.

Tẹ́ ẹ bá ń lo rsync, ẹ ṣọ́ra fún / ìparí orúkọ fódà tẹ́ ẹ fẹ́ gbé o: foto/ á kó ohun inú ẹ̀ nìkan, foto láìní / á gbé fódà náà fúnra ẹ̀. Èyí ti dàrú mọ́ mi lójú rí, fọ́tò ìgbéyàwó oníbàárà fọ́n káàkiri inú sẹ́fà, odindi ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ṣà á.