Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín sọ́nà iṣẹ́, ẹ yé ṣe báyìí mọ́

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, gbogbo ẹni tó bá ti rí sitáàjì kan ṣe, ìyẹn ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, ló ń pe ara rẹ̀ ní kóòṣì, ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà iṣẹ́, báyìí. Kò burú, iṣẹ́ rere ni, èmi náà ń ṣe é mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Owó tí wọ́n ń ná dànù kí ẹnì kan ṣoṣo tó rí àǹfààní níbẹ̀ ló ń bí mi nínú. Àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ yé ṣe rèé:

1. Lógò àti ẹ̀wù ẹgbẹ́. Ẹ ò nílò ẹ̀.

2. Háyà gbọ̀ngàn. Abẹ́ igi nínú ọgbà iléèwé tó. Ẹni mẹ́ta tẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tiwọn sàn ju ọgọ́rùn-ún èèyàn tẹ́ ẹ ń pariwo lé lórí.

3. Sàtífíkéètì kóòṣì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ẹni tó fi owó yàrá ẹ̀ san án, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó bi í léèrè ẹ̀ rí. Ẹ fowó yẹn wọkọ̀ lọ sí Kútọnu, kẹ́ ẹ lọ bi àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò nínú CV, ìwé tí èèyàn ń kọ ẹ̀kọ́ àti ìrírí ẹ̀ sí.

4. Kẹ́ ẹ máa bá wọn kọ CV. Haa, èyí ló ká mi lára jù. Ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Kétu wá bá mi, kóòṣì kan ti gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ ó sì ti kọ CV ojú ìwé mẹ́ta fún un, Faransé ńláńlá ló kún inú ẹ̀, "dynamique", "rigoureuse", ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí ìrírí wà, "néant" (kò sí nǹkan kan) ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe nígbà ìsinmi. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan o, òun kàn máa ń bá ìyá òun ta gàrí ni. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ. Àṣé òun ló ń kọ iye àpò tó wọlé àti èyí tó jáde, òun ló mọ oníbàárà tó jẹ gbèsè àti ọjọ́ tó máa san, nígbà tí omi òjò ba àpò mélòó kan jẹ́, òun ló ní kí wọ́n to pákó sábẹ́ àwọn tó kù. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn o, wọ́n sì kọ "néant" fún un! Kóòṣì yẹn ò bi í léèrè nǹkan kan, orúkọ ẹ̀ nìkan ló gbà.

Ọmọkùnrin kan tún wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú CV tiẹ̀ pé ó mọ Excel dáadáa, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú ẹ̀ pé kó ro owó pọ̀, ó kàn ń wò ó ni. Ta ló kó o sínú ìtìjú yẹn?

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Kó kọ́kọ́ fi Yorùbá tàbí Gùn sọ ọ́, torí ibẹ̀ lòótọ́ ti máa ń jáde, lẹ́yìn náà kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ ní Faransé, kẹ́ ẹ wá bá a tún gírámà ẹ̀ ṣe. Ó máa pẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Àwọn ìkìlọ̀ tó kù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mẹ́wàá, mo ti rí èyí tí orúkọ ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n bá fọkàn tán yín sọ, kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp. Ẹ sì yé sọ fún wọn pé kí wọ́n gba iyekíye, láti oṣù kìíní 2023, 52 000 fáránkì lowó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ síwèé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó wọlé lọ jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbowó láti forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ANPE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ìrẹ́jẹ ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dá owó àwọn ọmọ yẹn padà.