Bí a ṣe ń mú òjìji gun ògiri nínú katúùnù

Ẹni tó bá ti ń ya katúùnù fún ìgbà díẹ̀ lè mú ènìyàn rìn lójú àwòrán láìṣe wàhálà. Òjìji ẹni náà ló máa ń tú àṣírí. Á máa wọ́ lọ geere lórí ilẹ̀, àfi bó bá dé ẹsẹ̀ ògiri, tí á wọnú ògiri lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, tàbí tí òjìji odindi ènìyàn á kàn ṣàdédé yọ lára ògiri. Ẹsẹ̀ ògiri yìí ni iṣẹ́ wà.

A gbà pé ẹ ti ya ìrìn náà tán, àwòrán ẹ̀yìn wà lórí layer (ìpele àwòrán tí a ń tò léra wọn nínú kọ̀ǹpútà) tirẹ̀, ẹni tó ń rìn sì wà lórí tirẹ̀. Layer òjìji á wà láàárín àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ férémù (ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú fíìmù) 24 ni ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gba férémù méjì, kí òjìji náà máa gba méjì méjì. Bí ọ̀kan bá ń yí ní méjì tí èkejì ń yí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ òjìji á máa yọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín.

1. Ẹ gbé iná kalẹ̀

Bí iná kò tilẹ̀ ní hàn nínú àwòrán, ẹ fi àmì sí ibi méjì: ojú iná, níbi tí gílóòbù wà, àti ẹsẹ̀ iná, ìyẹn ibi tó bọ́ sí gan-an lórí ilẹ̀ lábẹ́ gílóòbù náà. Àmì kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ fa ìlà láti ẹsẹ̀ iná gba ẹsẹ̀ ènìyàn náà kọjá. Ibẹ̀ ni òjìji ń dorí kọ. Ẹ fa òmíràn láti ojú iná gba àtàrí rẹ̀ kọjá. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni orí òjìji wà. Oòrùn rọrùn ju èyí lọ, torí ìtànṣán rẹ̀ ń lọ lọ́gbọọgba: ibi tí òjìji kọjú sí àti gígùn rẹ̀ kì í yí padà bí ẹni náà ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ẹ fi ìwọ̀n tó rọrùn ṣiṣẹ́. Kí iná ga ní mítà 3, kí ènìyàn ga ní mítà 1.5. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ga ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po méjì, gígùn òjìji lórí ilẹ̀ á máa bá jíjìnnà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ iná dọ́gba. Ó jìnnà ní mítà 1, òjìji rẹ̀ gùn ní mítà 1. Èyí túmọ̀ sí pé bó bá ń rìn kúrò nídìí iná, orí òjìji ń sáré ní ìlọ́po méjì ìrìn rẹ̀. Ẹni tó bá mú ara àti òjìji lọ ní ìwọ̀n eré kan náà ti bà á jẹ́ kó tó débi ògiri.

2. Ẹsẹ̀ ògiri

Kí ògiri wà ní mítà 4 sí ẹsẹ̀ iná, kí ẹni náà máa rìn lọ bá a. Lórí layer ìtọ́sọ́nà, ẹ fi àmì sí ilẹ̀ ní ìdajì mítà ìdajì mítà, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lára ògiri lóòró. Rúlà ti tó; àwọn irinṣẹ́ ìlà inú kọ̀ǹpútà dára, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fa ìlà jù.

Nígbà tó bá jìnnà sí ẹsẹ̀ iná ní mítà 2, orí òjìji ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹsẹ̀ ògiri ni. Ní mítà 2.5, orí ti gun ògiri dé séntímítà 60. Ní mítà 3, ó dé mítà 1. Ní mítà 3.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1.3, nígbà tó bá sì fara kan ògiri ní mítà 4, òjìji àti ènìyàn ga bákan náà, mítà 1.5. Ẹ tún iye yẹn wò: 60 ní ìdajì mítà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 40, lẹ́yìn náà bíi 29, ó wá ku 21. Ó yára gun ún, ó sì ń falẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Ìdí nìyí tí a kì í fi í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ya àwòrán àárín, ìyẹn àwọn tó wà láàárín àwòrán pàtàkì méjì. Dídọ́gba ni yóò pín in, òjìji á sì dà bí ohun tí wọ́n ń fi okùn fà. Bí ìṣísẹ̀ kan bá jẹ́ ìdajì mítà, tó ń gba férémù 12, ìṣísẹ̀ mẹ́rin yìí jẹ́ férémù 48. Ẹ fọwọ́ ya márùn-ún tí a kà yìí ná, kí ẹ tó kan àwọn tó kù.

Ohun kejì tí wọ́n ń ṣì ni ibi tí ara òjìji ti ṣẹ́. Ní mítà 2, àtàrí ló wà ní ẹsẹ̀ ògiri. Ní mítà 3, ìdajì ara ni: láti ìbàdí sókè wà lára ògiri, láti ìbàdí sísàlẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀. Ní mítà 3.5, orúnkún ti ń dé ibẹ̀. Lórí ilẹ̀, òjìji ń tẹ̀lé ìlà tó ti ẹsẹ̀ iná wá. Bó bá ti kan ògiri, ó dúró ṣánṣán lóòró bí ẹni tó ni ín. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú sí i ní ìdàgẹ̀rẹ̀ tó bá wá.

Ẹ̀kẹta, fífẹ̀. Ní mítà 2, òjìji tó kan ògiri fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ara gidi. Bí ẹni náà ṣe ń sún mọ́ ògiri ni ó ń ga, tó sì ń tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gba èyí gbọ́, wọ́n á sì máa fẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń ga. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ dojú páálí kan kọ tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn, kí ẹ máa ti ìgò kékeré lọ bá a, kí ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀. Ó dára ju ìṣirò lọ fún àtẹ̀gùn pẹ̀lú, níbi tí ojú ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀ kékeré, tí ibi tó dìde lóòró sì jẹ́ ògiri kékeré.

Ọ̀nà tó ń dín iṣẹ́ kù nìyí: ẹ ya òjìji ilẹ̀ lórí layer kan bí ẹni pé ògiri kò sí, kí ẹ ya ti ògiri lórí òmíràn kó kọjá sísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ẹ wá fi mask (ohun tó ń bo apá tí a kò fẹ́ kó hàn) gé méjèèjì ní ẹsẹ̀ ògiri. Bí etí wọn kò bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò tọ̀nà. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún dída àwòrán ènìyàn náà kọ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kámẹ́rà bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ tí iná ń wò ó láti ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni òjìji gbọ́dọ̀ fi hàn: apá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe imú àti ikùn. Ọ̀nà àbùjá yẹn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná àti kámẹ́rà bá wà lójú ìlà kan nìkan.

3. Àwọ̀

Ẹ má lo dúdú. Ẹ mú àwọ̀ aró tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ kó òjìji ilẹ̀ àti ti ògiri sínú group kan, kí ẹ fi Multiply (ètò tó ń jẹ́ kí àwọ̀ òkè mú ti ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn) sí group náà, kí Opacity rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ki tó, wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fi Multiply sí layer kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti gun ara wọn á dúdú lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí òjìji tábìlì ti bò tẹ́lẹ̀ láti ara iná kan náà kò gbọdọ̀ tún ṣú sí i. Ẹ pa òjìji ènìyàn rẹ́ níbẹ̀. Blur, ìyẹn rírọ̀ etí òjìji, kò gbọdọ̀ dọ́gba: kí ẹsẹ̀ mú ṣáká, kí orí rọ̀. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Krita, OpenToonz àti Blender ń ṣe gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Krita ló yá jù fún ẹni tó ń fọwọ́ yàwòrán.

Níkẹyìn, ẹ pa layer ènìyàn, kí ẹ wo òjìji nìkan. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń rìn. Ẹ wá dá a padà, kí ẹ wo férémù tí ẹsẹ̀ kan ti gbé sókè: òjìji ẹsẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ já kúrò lára rẹ̀, kó sún kúrò lọ́dọ̀ iná, kó sì padà wá lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí gìgísẹ̀ bá kanlẹ̀.