Bí mo ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ èrò tó ti mutí yó kí ọkọ̀ Èkó tó gbéra ní Ilé-Ifẹ̀

Èmi ni mò ń kọ máńífẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìwé orúkọ èrò, ní gáréèjì kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbé èrò. Èrò tó bá ti mutí yó, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń dé, nítorí kò sẹ́ni tó ń wọ ọkọ̀ láìkọ orúkọ. Ohun tí mo dì mú ṣinṣin ni pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó tì. Àwọn oníṣẹ́ òfurufú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú àdéhùn Tokyo ti ọdún 1963, tó jẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí ìwà tí èèyàn ń hù nínú ọkọ̀ òfurufú, ìgbà tí gbogbo ilẹ̀kùn ìta bá ti tì lẹ́yìn tí èrò wọlé tán ni àṣẹ pàtàkì tí awakọ̀ òfurufú ní lórí èrò tó ń dàlú rú bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dìgbà yẹn, àwọn tó wà nílẹ̀ ló ni iṣẹ́. Tiwa tún le ju tiwọn lọ, torí bí ọkọ̀ bá ti kọjá Gbọ̀ngán, dẹrẹ́bà nìkan ló kù, ojú ọ̀nà ló sì yẹ kí ojú rẹ̀ wà.

Ìgbà tó léwu jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá ku ẹnì kan. Àwọn tó ti jókòó ti ń kùn, dẹrẹ́bà ti ń tẹ fèrè, agbèrò sì ń wo owó tirẹ̀. Ọ̀mùtí tó bá yọ lásìkò yẹn, wọ́n á tì í wọlé bí ẹní ti àpò gàrí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá dẹrẹ́bà àti agbèrò ṣe àdéhùn láti àárọ̀ pé bí n kò bá kọ orúkọ ẹnì kan, ẹni náà kò tíì di èrò.

Ọkọ̀ ku ẹnì kan lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí nígbà tí bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dé pẹ̀lú àpò ńlá kan. N kò bi í bóyá ó mutí. Kò sẹ́ni tó máa dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ìbéèrè yẹn, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀. Máńífẹ́ẹ̀sì ni mo fi ń yẹ èèyàn wò. Mo béèrè orúkọ, nọ́ńbà fóònù, orúkọ ẹni tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti nọ́ńbà onítọ̀hún. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá, ì báà rùn fún ọtí, á dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣe wàhálà. Bàbá yìí sọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó kan nọ́ńbà, ó ka mẹ́fà, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ka márùn-ún, ó dákẹ́. Ó ka owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iye tó pè kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò jẹ́ kí ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lára tábìlì.

Mo dìde, mo sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà síbí, oòrùn ti pọ̀ jù.” Mo mú un kúrò níwájú èrò. Òǹwòran ló ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ìjà: níwájú wọn, ojú ń ti ọ̀mùtí, ìtìjú yẹn ni yóò sì fi jà.

“Àgbo ni mo mu o, n kò mutí.” Òótọ́ lè ni. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, inú ògógóró ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Ife kékeré tó gba sẹ̀ńtílítà 7.5, tí agbára rẹ̀ bá tó 40%, ọtí inú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti odidi ìgò bíà 60cl tó jẹ́ 5%. Ẹni tó mu mẹ́ta ti mu ìgò bíà mẹ́ta, kò sì kà á sí ọtí.

Kí n tó gbà pé ọtí ni, mo máa ń wo àìsàn, ibí yìí ni n kì í sì í kánjú rárá. Mo ní kó rẹ́rìn-ín, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó tún gbólóhùn kan sọ tẹ̀lé mi. Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ọwọ́ kan já wálẹ̀, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kó lọ sùn. Ẹni tí ara rẹ̀ tutù, tó ń làágùn, tó ń gbọ̀n, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ jù: bí ó bá lè gbé nǹkan mì fúnra rẹ̀, ẹ fún un ní mínírà tó ní ṣúgà. Ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ó fi gbá nǹkan. Òórùn ọtí kò ní kí àìsàn má wà níbẹ̀.

Ti bàbá yìí, ọtí ni. Agbèrò ní kó máa bọ̀, pé yóò sùn dé Èkó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń rí. Ọtí tó mu gbẹ̀yìn ṣì lè máa wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní Ifẹ̀ lè máa bì tàbí kó máa fa ilẹ̀kùn ní Ìkirè. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e náà kò wúlò, torí ẹ̀dọ̀ nílò bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta láti yọ ọtí inú ìgò bíà ńlá kan ṣoṣo kúrò. Kọfí kò lè mú un yá, omi tútù tí wọ́n ń dà síni lórí kò lè mú un yá. Mo sọ fún un pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò rìn, àyè rẹ̀ wà.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ráyè jókòó ńkọ́? Ẹ má fà á láṣọ. Ẹ ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún orúkọ pè. Yóò bá wọn sọ̀, kò ní rò pé òun nìkan ni wọ́n lé. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì dúró nítòsí. Bí ó bá na ẹnikẹ́ni tàbí tó fa ohun ìjà yọ, ẹ pe ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn èyí, ẹrù. Òun fúnra rẹ̀ ni mo ní kó nawọ́ sí ẹrù tó jẹ́ tirẹ̀ kí bọ́ọ̀tù tó tì, nítorí ẹrù tó dá lọ sí Èkó, ìjà ọjọ́ mìíràn ni. Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà níṣojú ẹlẹ́rìí, n kò yọ kọ́bọ̀. Orúkọ tí mo ti kọ, mo fi ìlà kan pa á rẹ́, mo bu ọwọ́ lù ú, dẹrẹ́bà náà bu ọwọ́ lù ú. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìwé yẹn ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa fi ka èèyàn, wọn kò sì gbọdọ̀ máa wá ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ kiri inú igbó.

Kíkọ̀ láti gbé e kò túmọ̀ sí pé ká pa á tì. A tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ òjìji, a dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, orúnkún rẹ̀ ká, ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja lè bì kí èébì dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. A kò fún un ní epo pupa, torí ó lè mú un bì nígbà tí ojú rẹ̀ kò là dáadáa. A kò jẹ́ kó gun ọ̀kadà. Mo ní kí ọmọ kan jókòó tì í, kó máa pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Bí kò bá jí mọ́, tí èémí rẹ̀ kò tó mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ilé ìwòsàn Yunifásítì la máa gbé e lọ kíákíá.

Mo gba fóònù rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀, mo pè é. Ohun tí mo sọ kò pọ̀: ọkọ yín wà lọ́dọ̀ wa, kò bá ọkọ̀ lọ, ẹrù àti owó rẹ̀ pé, ẹ rán ẹnì kan wá mú un.