Bí ẹ ṣe lè múra fún triathlon àkọ́kọ́ yín ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Nínú triathlon, ẹ máa lúwẹ̀ẹ́, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́, ẹ máa sáré, aago kò sì ní dúró nígbà tí ẹ bá ń wá bàtà. Èyí tó yẹ ẹni tuntun ni wọ́n ń pè ní sprint: mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 5 lórí ẹsẹ̀. Ti Òlíḿpíìkì, tó bẹ̀rẹ̀ ní Sydney lọ́dún 2000, jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó lè sáré ogún ìṣẹ́jú láìdúró lè múra fún sprint láàárín ọ̀sẹ̀ 12, bó bá ń rí wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà yọ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ rárá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ ìyẹn lọ́dọ̀ olùkọ́ ná.

Eré sísá ló rọrùn fún ọ̀pọ̀ wa, òun náà la sì máa ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe. Òun kọ́ ló máa dá yín dúró. Omi ni, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ fi ń kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn.

Omi

Púùlù òtẹ́ẹ̀lì kì í sábà gùn. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà 15, ẹ máa là á já nígbà 50 kó tó pé 750. Mítà 20, ìgbà 38. Mítà 25, ìgbà 30. Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí etí púùlù, kẹ́ ẹ máa mú ọ̀kan kúrò nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lọ tẹ́ ẹ bọ̀, torí ẹni tó ń mí gúlegúle kì í mọ iye kà.

Ẹni tí kò lè kọjá àlọ àti àbọ̀ méjì kì í ṣe ọ̀lẹ. Èémí ló dì mọ́nú. Bí ojú bá ti wọ omi, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn jáde nímú àti lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí omi máa hó níwájú yín. Nígbà tí ojú bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jẹ́ pé mímí sínú nìkan ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹnu wà lókè á mu omi. Orí ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbé e sókè láti wo iwájú, ìdí àti ẹsẹ̀ á rì, ẹ óò sì máa wọ́ ara yín bí ẹni wọ́ igi gẹdú. Ìsàlẹ̀ púùlù ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fẹsẹ̀ ti ògiri, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ máa yọ̀ lọ títí ara á fi dúró fúnra rẹ̀, nígbà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, mítà 25 lẹ́ẹ̀mẹjọ, pẹ̀lú ìsinmi ogún ìṣẹ́jú àáyá láàárín. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó ti di mítà 50 lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, mítà 150 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni kẹ́ ẹ tó wẹ 750 láìdúró. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Odò yàtọ̀ sí púùlù. Bí ẹ bá fẹ́ fi Yemọji ní Ìjẹ̀bú-Òde dánra wò, ẹ má dá lọ, ẹ má sì lọ lẹ́yìn òjò ńlá, nígbà tí omi ń wọ́ igi àti ẹrẹ̀ bọ̀. Adágún tí kì í ṣàn lè ní kòkòrò àtọ̀sí ajá; bí ìtọ̀ bá pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ẹ lọ sílé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà. Nínú odò, kò sí ìlà nísàlẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti wọ omi nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ yọ ojú nìkan bí ọ̀nì, ẹ wo àmì, ẹ dà á padà. Ẹgbẹ́ lẹ ti máa mí, kì í ṣe iwájú.

Kẹ̀kẹ́

Tòkunbọ̀ tó dáa ti tó. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀ bóyá ó ti sán. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà bíréèkì. Bó bá le bí orógbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ́ ẹ lè mọ bí ìjókòó ṣe yẹ kó ga tó, ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Bí ìjókòó bá kéré jù, iwájú orúnkún á máa ro yín. Bó bá ga jù, ìdí á máa jó sọ́tùn-ún sósì.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni túùbù púpọ̀ ń kú sí. Ẹnu fáfù kẹ̀kẹ́ eré sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti mọ́tò lọ, ó sì ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú. Ẹnu pọ́m̀pù fọkanáísà kò ní wọ̀ ọ́, àfi bí ẹ bá de idẹ kékeré kan tí wọ́n ṣe fún un mọ́ ọn lórí. Ẹ ra méjì, torí ọ̀kan á sọnù. Ẹ ní kó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà tírélà lè bẹ́ túùbù yín kó tó gbọ́wọ́ kúrò. Fún táyà mílímítà 25 àti ẹni tó wọn kílò 70, 80 sí 90 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà) ti tó. Iye tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá wà lára táyà. Ẹ má sì jẹ́ kó fi iná lẹ̀ ẹ́: èyí tó ń lẹ̀ mọ́ túùbù mọ́tò nípọn, iná rẹ̀ á jẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Túùbù tuntun méjì, ọ̀pá ike méjì tí ẹ máa fi yọ táyà, àti pọ́m̀pù ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa gbé dání.

Márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà Ìperu, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbàrà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, sàn jù ú lọ. Ẹ ṣọ́ iyanrìn níbi kọ́nà, ẹ ṣọ́ bọ́m̀pù tí wọn ò kùn lọ́dà, ẹ ṣọ́ ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lápá tí kì í ṣe tirẹ̀. Sátidé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nílẹ̀ wa: bí ìnáwó kò bá dí títì, ẹ̀yin fúnra yín ni wọ́n fún láṣọ ẹbí. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ fi Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́ṣin.

Láti orí kẹ̀kẹ́ sórí ẹsẹ̀

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà 20, itan á wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ ti mọ́ yíyípo lára, ó tún ń retí kẹ́ ẹ máa yí i lọ. Ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó tú. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gun kìlómítà 15, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ẹ sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kúkúrú. Eré yòókù kò ju méjì lọ: ọ̀kan tó gùn tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ láìgé e, àti mítà 400 lẹ́ẹ̀mẹfà ní pápá ilé ìwé.

Pípààrọ̀ ni ẹ lè kọ́ nínú ọgbà ilé. Ẹ tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì, ẹ to bàtà lé e, ẹ da akoto délẹ̀ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí okùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òfin ni pé kẹ́ ẹ dé akoto, kẹ́ ẹ dè é, kí ọwọ́ tó kan kẹ̀kẹ́. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tú u títí ẹ ó fi gbé kẹ̀kẹ́ padà síbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ni wọ́n ti fìyà jẹ nítorí èyí. Bí ẹ bá ń fi dánra wò, ẹ da omi sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó máa dè é, torí lọ́jọ́ ìdíje, ọwọ́ tútù tó ń gbọ̀n kì í rí ihò. Ẹ yọ okùn bàtà, ẹ fi okùn rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi òrí pa gìgísẹ̀, abíyá àti àárín itan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iyọ̀ òógùn á bó yín.

Ooru, oúnjẹ àti àìsàn

Ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó jáde àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé: kílò kan tó dín jẹ́ nǹkan bíi lítà omi kan. Ẹni tó wọn kílò 70 kò gbọ́dọ̀ pàdánù ju kílò kan àbọ̀ lọ. Ẹ da píọ̀ wọ́tà sẹ̀ǹtílítà 50 méjì pọ̀, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí ẹ fọwọ́ gé lórí sí i, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Omi lásán ní àmujù burú, torí ó ń mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Orí á máa fọ́ yín, èébì á máa gbé yín.

Ìkọ́kọrẹ́ dára, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ní òru méjì ṣáájú ìdíje. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìrẹsì tàbí iṣu sísè pẹ̀lú ẹja díẹ̀, ata díẹ̀. Láàárọ̀, ẹ má mu gaàrí Ìjẹ̀bú: ó máa ń wú nínú ikùn, kíkan rẹ̀ á sì máa tì wá sọ́fun nígbà tí ẹ bá dojú bolẹ̀ nínú omi. Ẹ jẹ búrẹ́dì bíbẹ́ mẹ́ta àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, wákàtí mẹ́ta ṣáájú.

Bí ibà bá mú yín, ẹ má ṣe nǹkan kan títí ara á fi tutù fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS lè ṣe é, ṣùgbọ́n kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kó má sì fi gbogbo agbára sáré nínú ooru. Ẹni tó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba mọ́, ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ da omi tútù lé e lórí àti lára, ẹ sáré pe dókítà.

Ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ dín gbogbo rẹ̀ sí ìdajì. Lọ́jọ́ náà, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn kí wọ́n tó fọn fèrè, kí ẹsẹ̀ àwọn tó yára má bàa gbá awò ojú yín, ẹ sì fi sùúrù wẹ ọgọ́rùn-ún mítà àkọ́kọ́ títí èémí á fi bá ọwọ́ mu.