Bí ẹ ṣe lè rí owó ìwádìí fún òwò kékeré yín ní Ìlọrin

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣòwò kékeré ní Ìlọrin rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló ni owó ìwádìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń sá òrúnlá, tó ń wá ọgbọ́n tí kò fi ní máa dúdú mọ́, ìwádìí ló ń ṣe. Àkọsílẹ̀ ni kò ní, àkọsílẹ̀ yìí gan-an sì ni àwọn tó ń fúnni lówó máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá fọ́ọ̀mù kankan, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín sójú ewé àkọ́kọ́: "Báwo ni mo ṣe lè sá ilá kó tètè gbẹ, kó má sì dúdú?" Ẹ wá dán an wò. Ẹ wọn ilá tútù kílò 10, ẹ gé e, ẹ pín in sí méjì. Ẹ sá apá kan sórí ẹní. Ẹ sá apá kejì sínú àpótí tí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò, tí ẹ lu ihò sí nísàlẹ̀ àti lókè kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ sá a, aago tí ẹ kó o, àti bó ṣe wọ̀n tó nígbà tó gbẹ. Omi ló pọ̀ jù nínú ilá tútù, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí gbogbo rẹ̀ bá di nǹkan bíi kílò kan. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì kọ èyí tó bàjẹ́ náà sílẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ ló máa jẹ́ kí wọ́n gba ìyókù gbọ́.

Ẹ gbé ìwé náà lọ bá àwọn tó mọṣẹ́. Ọlọ́run kẹ́ àwa ará Kwara níbí yìí: NSPRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí bí irè oko kò ṣe ní bàjẹ́ nípamọ́, Ìlọrin ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. NCAM, tó wà fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìdófìán, létí ọ̀nà Ìlọrin sí Lọ́kọjà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jọ ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ta ló máa ni àbájáde rẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Àwọn olùkọ́ iléẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran iléẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń fún ní owó ìwádìí, nítorí náà ẹ wá olùkọ́ kan ní Unilorin tí ìbéèrè yín wọ̀ lọ́kàn. Ẹ̀yáwó ni èyí tó pọ̀ jù lára owó BOI, báǹkì ìjọba fún iléeṣẹ́ àti òwò, ẹ ó san án padà. Ní tèmi, ẹ má fi ẹ̀yáwó ṣe ìdánwò tí ẹ kò tíì mọ ibi tó máa já sí. Ìgbà tí ẹ bá ti rí ọ̀nà, tó ku kí ẹ ra ẹ̀rọ, ni kí ẹ lọ yá a. Ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ bá lọ, wọ́n á béèrè ìwé CAC, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹ ti forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àti àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ òwò yín.

Ẹ pín ìṣirò owó tí ẹ fẹ́ béèrè sí ìsọ̀rí: èló ni àpótí, èló ni ilá, èló ni àyẹ̀wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọgbọ́n yín sórí Facebook kí ẹ tó bá NOTAP, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, sọ̀rọ̀ nípa páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fi ń dá ẹlòmíì dúró láti lo ọgbọ́n tuntun yín láìgbàṣẹ. Ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin, bẹ́ẹ̀ páténtì lè dáàbò bò ó fún ọdún 20.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń retí èsì, ẹ máa sá ilá yín lọ, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín, ìwé yẹn ni kí ẹ mú dání.