Gáàsì Kún Inú Sìlíńdà, Ìléru Kò Gbóná: Ìrírí Mi Lórí Sísun Ife 64

Kílò gáàsì 52 ló bá ife amọ̀ 64 tí mo sun nínú ìléru lọ. Ọgbọ̀n kílò ni mo fi ṣírò owó fún oníbàárà. Èyí tó lé, àpò mi ló ti jáde, pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ tí mo fi dúró ti ìléru tí kò lọ síwájú, tí kò padà sẹ́yìn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ohun tó fa wàhálà náà kò sí nínú ìléru rárá. Ẹ̀yìn ògiri ló jókòó sí jẹ́jẹ́.

Mímọ ife kò gba àlàyé. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò lò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé amọ̀ 350 gíráàmù sí àárín, ó sì mọ̀ pé kí òun mọ ọ́n tóbi ju bí òun ṣe fẹ́ ẹ lọ. Amọ̀ tèmi máa ń súnkì tó 12 nínú 100. Sísun àkọ́kọ́ parí ní 980°C láìsí ìjà. Gléèsì tí mo lò, ìyẹn ìpara tó ń di dídán lára ife nínú iná, ni èyí tí gbogbo amọ̀kòkò ń pè ní 4-3-2-1: feldspar 40, silica 30, whiting 20, kaolin 10. Mo wá fi ìpẹtà irin pupa 8 lé e kó lè dúdú. Mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì nínú asẹ́ tó ní ihò 80 nínú ínǹṣì kan. Mo nu gléèsì kúrò ní ìdí ife kọ̀ọ̀kan, mílímítà márùn-ún péré. Ẹ fi márùn-ún yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Fún sísun kejì, aago márùn-ún ìdájí ni mo tan bọ́nà gáàsì méjèèjì. Mo rọra lọ títí ó fi kọjá 600, torí quartz inú amọ̀ máa ń wú lójijì ní 573, ife tó bá sáré kọjá ibẹ̀ lè là. Ní 900 mo ti dámpà, pẹpẹ tó ń dí ọ̀nà èéfín, wọlé díẹ̀ kí ebi afẹ́fẹ́ lè máa pa iná, nítorí bẹ́ẹ̀ ni irin inú gléèsì ṣe ń yọ àwọ̀ tó jinlẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, èmi ni ọ̀gá.

Aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ̀rọ tó ń ka ooru wà ní 1,140. Aago mẹ́rin, 1,140. Aago márùn-ún, 1,138. Ẹ gbà mí o!

Dámpà ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bí èèyàn bá tì í wọlé jù, gáàsì á máa di èéfín dípò kó di ooru, ìléru á sì dúró sójú kan. Òótọ́ ni, òótọ́ yẹn náà ló sì tàn mí jẹ. Mo fà á síta ní ínǹṣì kan, ooru já sí 1,125. Mo tì í padà, ọwọ́ iná yọ ní ihò ìwòran, ó pọ́n, ó ń rú èéfín. Mo fà á, mo tì í, mo fà á, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì. Ohun tí mi ò kà sí ni pé ọwọ́ iná yẹn kò gùn ju ìka mi lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ ní irú ooru bẹ́ẹ̀. Ìró bọ́nà náà ti yí padà. Bí nǹkan bá dáa, ó máa ń hó hòò bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn ń mí fìn-ín ni.

Mo pe ẹni tó ta gáàsì fún mi. Kò béèrè ohunkóhun tó fi ní régúlétọ̀, ohun tó ń ṣàkóso agbára gáàsì, ló bàjẹ́. Mo pa iná, mo ra tuntun, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú lọ, owó lọ, ooru já bọ́ sí 1,020. Nígbà tí mo tún un tàn, géèjì tó ń ka agbára gáàsì gòkè dé 8 psi, inú mi dùn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ó ti padà sí 4. Mẹ́wàá ni mo máa ń lò.

Ọmọ tó ń bá ìyá oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ wa ṣiṣẹ́ ló wá pọn omi ní kànga. Ó fọwọ́ kan sìlíńdà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ti mú sìlíńdà yín o." Yìnyín funfun ti bò ó láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì. Ẹ lè fi ìka kọ orúkọ sí i lára. Ibi tí yìnyín náà dé gan-an ni gáàsì inú rẹ̀ dé.

Gáàsì inú sìlíńdà ń ṣàn bí omi ni. Kó tó lè jó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di afẹ́fẹ́, ooru ló sì fi ń ṣe é; ara irin ló ti ń rí ooru yẹn gbà, irin náà ń gbà á lára afẹ́fẹ́ àyíká. Ìkòkò ọbẹ̀ kì í béèrè púpọ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi rí i nílé ìdáná. Bọ́nà méjì tó ń fa nǹkan bíi kílò mẹ́ta ní wákàtí kan ń fà á yá ju bí ooru ṣe ń wọlé lọ. Gáàsì náà á tutù, agbára tó fi ń ti ara rẹ̀ jáde á sì rẹ̀. Èyí tí butane bá pọ̀ nínú rẹ̀ ló burú jù, torí bó bá ti tutù dé ìwọ̀n tí omi fi ń dì, kì í fẹ́ jáde mọ́. Bó ṣe ń dínkù ló tún ń le sí i, nítorí ibi tó fi kan irin ti kéré. Lẹ́yìn náà mo gbé sìlíńdà yẹn sórí òṣùwọ̀n: kílò 24 ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣe bí òfìfo.

Ìyá oníbúrẹ́dì kì í lo ẹyọ kan. Mẹ́ta ló ń so pọ̀. Mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta so ó mọ́ tèmi, mo ṣí méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ru ìdajì ẹrù. Mo fi ìfófòó ọṣẹ wo gbogbo oríkèé kí n tó tan iná. Mo gbé èyí tó dì sínú báàfù omi kànga, omi lásán tí kò gbóná, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Ẹ má dáná sábẹ́ sìlíńdà láé, ẹ má sì da omi híhó lé e lórí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, géèjì padà sí 10. Bọ́nà hó hòò.

Igi kì í dì. Ní Suleja níbi tí Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó 20 náírà, ti ṣiṣẹ́, igi ni wọ́n fi ń sun tiwọn. Àwọn ìyá wa ní Dáda àti Òkèlele ní Ìlọrin ń sun ìkòkò ní gbangba láìní géèjì kankan. Mo rántí gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbínú ni mo sì fi rántí wọn.

Àṣìṣe kejì, tèmi ni. Mo to kóònù 7, 8 àti 9, amọ̀ ṣóńṣó tó ń tẹ̀ wólẹ̀ bí ooru bá ti tó, síwájú ihò ìwòran, 8 ni mo ń retí, ó sì máa ń wólẹ̀ nítòsí 1,250. Lọ́tẹ̀ yìí ó wólẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ka 1,235. Mo ní irọ́ ni, mo tẹ̀síwájú dé 1,250. Kóònù ló sọ òótọ́: kì í ka ooru nìkan, ó ń ka iye àkókò tí ooru fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, ife wọ̀nyẹn sì ti jókòó sínú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tí mo wo inú, 9 ti tẹrí ba dé ìdajì.

Gléèsì ṣàn. Mílímítà márùn-ún kò tó. Mẹ́wàá ni mo ń nù báyìí fún gléèsì onírin. Mọ́kànlá lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Ohun tó gba pẹpẹ là ni alumina àti kaolin tí mo pò ní ìwọ̀n kan náà tí mo fi kùn ún. Mẹ́tàléláàádọ́ta yòókù, mi ò ní purọ́, wọ́n rẹwà: dúdú tó ń dán, etí wọn pọ́n bí awẹ́ obì. Oníbàárà kò tilẹ̀ béèrè ìdí tó fi pẹ́.

Nínú mọ́kànlá yẹn, mo fi òkúta ìlọ̀ ha ìdí mẹ́fà títí wọ́n fi jókòó dáadáa. Márùn-ún fọ́. Sísun tó tẹ̀ lé e, sìlíńdà méjì ni mo so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí mọ́kànlá, kílò 31. Ife márùn-ún tí mo fi rọ́pò wà lára wọn, mílímítà mẹ́wàá ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.